Abẹ́rẹ́ Wọ Ibi Pupa

Títí di òní, bí Ọláolú bá rántí Sátidé ọjọ́ náà ní Yábàá, ńṣe ni ojú rẹ̀ máa ń wá ilẹ̀ lọ. Kì í ṣe torí pé ó sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ta ni kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn l'Ékòó? Ohun tó ń tì í lójú ni pé ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa gan-an ló na ọwọ́ wá yọ ọ́ nínú ẹ̀tẹ́, tó tún rẹ́rìn-ín sí i, torí pé kò mọ ohun tó yọ ọ́ nínú rẹ̀.

Ẹni náà ni Túbọ̀sún, tí àwọn ará Múṣin ń pè ní Túbọ̀sún Sáùǹdì. Ọdún 1977 ni à ń wí yìí, ó sì ti lé lẹ́ni ogójì ọdún díẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Èbúté Mẹ́ta kó tó ra ẹ̀rọ àwo méjì àti sípíkà mẹ́rin, tí àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi míkísà kan ránṣẹ́ sí i. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ ṣe ijó ọ̀sán, bí ìjọ bá fẹ́ ṣe básà, òun ni wọ́n ń pè. Ọláolú ní tirẹ̀, akọ̀wé ìjọba ni. Nígbà tí wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1975, wọ́n lé e mọ́ wọn, ó sì fi oṣù mẹ́ta dùbúlẹ̀ sí yàrá rẹ̀ ní Àgùdà, ó ń ka pákó àjà. Túbọ̀sún ló wá kan ilẹ̀kùn tó ní kó dìde kó máa bá òun ká lọ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pè é ní ọmọọṣẹ́ rí. Níwájú àwọn oníbàárà, "ẹnìkejì mi" ló máa ń pè é.

Míkísà yẹn ni Túbọ̀sún kọ́kọ́ kọ́ ọ. Àwo méjì àti máìkì kan ló ń wọ inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní bọ́tìnnì gbọọrọ tirẹ̀. Bí o bá tì í sókè, ohùn á jáde sí gbọ̀ngàn. Bí o bá fà á wálẹ̀, ohùn á pa rẹ́. Lókè pátápátá, gíláàsì kékeré kan wà tí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan ń jó nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí ló ń sọ bí ohùn tó ń jáde lọ sí gbọ̀ngàn ṣe pọ̀ tó. Bó bá wà lápá òsì, ohùn ò délẹ̀. Bó bá dé àárín lọ sápá ọ̀tún, ó ṣe déédéé. Bó bá wọ ibi pupa, ohùn ti pọ̀ jù, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Hẹ́dìfóònù náà wà, tí wọ́n ń dé mọ́ orí kó bo etí, kí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ lè yẹ àwo tó kàn wò kí àwọn èèyàn tó gbọ́ ọ.

Ohun méjì ni Túbọ̀sún kì í yé tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ tán, bọ́tìnnì máìkì ni kéèyàn fà wálẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìkejì ni pé kéèyàn má gba hẹ́dìfóònù gbọ́ tán. Ó ní ohun tí o bá yàn láti gbọ́ nìkan ni hẹ́dìfóònù máa gbé fún ẹ, àmọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́, abẹ́rẹ́ ni kí o bi. Ọláolú gbọ́ ọ títí ó fi sú u.

Wàyí o, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti jẹ etí Túbọ̀sún. Ọláolú fúnra rẹ̀ ló fura sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù Múṣin, irin sípíkà kan já lulẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin náà, tó dún gbà-á, Ọláolú ta gìrì, ṣùgbọ́n Túbọ̀sún ò tilẹ̀ mi orí. Nígbà tó yíjú padà tó rí bí Ọláolú ṣe ń wo òun, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ní Rónkẹ́ ìyàwó òun nìkan ló mọ̀, Ọláolú sì ni ẹnìkejì. Ó bẹ̀ ẹ́ bí àgbà ṣe ń bẹ ọmọdé, tí kì í dùn ún wò: ta ló máa pe adití pé kó wá bá òun lu orin? Ọláolú fi ìyá rẹ̀ búra pé ọ̀rọ̀ náà ò ní ti ẹnu òun jáde. Láti ìgbà náà ni Ọláolú ti ń rí i pé abẹ́rẹ́ yẹn ni Túbọ̀sún fi ń gbọ́ràn. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí sípíkà, á wo abẹ́rẹ́, á wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó, orin rẹ̀ kì í sì í ga jù, kì í relẹ̀ jù. Bó bá fẹ́ gbọ́ nǹkan ní tòótọ́, á dé hẹ́dìfóònù, á yí ohùn rẹ̀ dé ìpẹ̀kun. Inú ibẹ̀ nìkan ni nǹkan ti ń dé etí rẹ̀ kedere; bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ètè ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló máa ń kà.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àtijọ́ ilé-ìwé kan ní Yábàá ló ń ṣe ìpàdé ọdún wọn. Ìyáàfin Hilda Adéníran, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni ààrẹ wọn, òun ló sì ń pe Túbọ̀sún lọ́dọọdún. Yàrá kótópó kan tó wà lẹ́yìn ìtàgé ni wọ́n gbé míkísà sí. Fèrèsé kékeré kan ni wọ́n fi ń yọjú wo gbọ̀ngàn. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni iná lọ, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yìn ògiri yàrá yẹn gan-an ló wà. Ariwo rẹ̀ bo ibi gbogbo. Ẹni tó bá wà nínú yàrá yẹn ò lè gbọ́ ohun tó ń lọ ní gbọ̀ngàn. Hẹ́dìfóònù àti abẹ́rẹ́ nìkan ló kù.

Nígbà tó di aago mẹ́ta, Túbọ̀sún jáde lọ sí ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, ó fẹ́ yẹ wáyà sípíkà kan wò. Bó ṣe ń lọ ni Mabel wọlé. Mabel ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, tíṣà ni ní Súrúlérè, èèyàn dúdú tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín, ó ti ń wu Ọláolú láti ọdún tó kọjá. Ó wá fẹ́ kéde pé oúnjẹ ti délẹ̀, pé mọ́tò kan sì dí ẹnu géètì. Ọláolú fa àwo wálẹ̀ fún un, ó ti máìkì sókè. Mabel kéde tán, ó gbé máìkì lé orí tábìlì, ó sì yíjú sí Ọláolú. Ó ní iṣẹ́ yìí mà ń lọ geere lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kí Ọláolú fa máìkì wálẹ̀, kó ti àwo padà sókè. Kò ṣe ọ̀kan, kò ṣe èkejì. Orin ń lọ nínú hẹ́dìfóònù tó fi bo etí rẹ̀ kan, nítorí náà ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé orin ń lọ ní gbọ̀ngàn pẹ̀lú. Etí kejì ló fi ń gbọ́ Mabel. Obìnrin pọ́n ọn lé lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n da yíìsì sí. Torí jẹnẹrétọ̀, ńṣe ló gbé ohùn sókè.

Ó ní, "Àǹtí Mabel, lọ́dún tó ń bọ̀, èmi gan-an ni kí ẹ wá bá. Ẹ má wá Túbọ̀sún lọ mọ́. Etí ẹ̀ ti di. Adití ló ń bá yín ṣe sáùǹdì látọjọ́ yìí. Èmi ni mò ń ṣe gbogbo ẹ̀, òun kàn ń dúró ni."

Mabel bi í bóyá òtítọ́ ni. Ọláolú fi orí dáhùn, ó tún fi ẹnu dáhùn, ó ní bí wọ́n bá yìnbọn lẹ́yìn Túbọ̀sún, kò ní mọ̀. Òun tí kì í pe ọkùnrin náà láìfi "wọn" sí i, lọ́jọ́ yẹn "òun" àti "ẹ̀" ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ àná. Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń dun ún jù lọ títí dòní.

Túbọ̀sún wọlé lẹ́yìn wọn. Kò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ ojú rẹ̀ lọ tààrà sí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ orin a máa jó, ti ọ̀rọ̀ a máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún, èyí tó rí yìí sì ń ta wọ ibi pupa. Ó sáré na ọwọ́ kọjá léjìká Ọláolú, ó fa máìkì wálẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì rọra ti àwo sókè títí abẹ́rẹ́ fi jókòó sí ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Máìkì wà lókè o, Ọláolú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún ẹ."

Kò bínú. Ó ní bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa wo òun bí òun ṣe ń bọ̀ láàárín gbọ̀ngàn. Gbogbo wọn ló yíjú sí òun, ó ní, àwọn kan tilẹ̀ dìde dúró. Òun rò pé orin ló dùn mọ́ wọn, òun sì juwọ́ sí wọn, òun juwọ́ títí òun fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọláolú wo bọ́tìnnì máìkì, ó wo Mabel, Mabel ò sì lè wo ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láì dágbére. Ọláolú bọ́ hẹ́dìfóònù kúrò létí. Ó yọjú láti fèrèsé. Obìnrin bí igba ló wà ní gbọ̀ngàn, abọ́ oúnjẹ wà níwájú wọn, wọn ò jẹun. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka kan etí ara rẹ̀, ó mi orí, ẹnìkejì rẹ̀ sì pòṣé. Ilẹ̀ ì bá lanu, Ọláolú ì bá kó sí i pẹ̀lú bàtà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyáàfin Adéníran wọlé. Ó kọ́kọ́ lọ dúró níwájú Túbọ̀sún, ó dojú kọ ọ́, ó la ẹnu dáadáa, ó kí i kú iṣẹ́. Túbọ̀sún dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni màmá yìí wá sẹ́bàá Ọláolú, ó tẹ̀ mọ́ ọn létí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí Túbọ̀sún.

Ó ní, "Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Mo ti mọ̀ nípa etí ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, mo ṣì ránṣẹ́ pè é, torí pé ó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹnu ẹ ni yóò ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu tiwa. Kí ó sì tó di pé a túká."

Ó jáde. Túbọ̀sún bi í pé kí ni màmá wí. Ọláolú ní wọ́n ní kí àwọn túbọ̀ ṣe dáadáa. Irọ́ kejì rèé lórí ọ̀kan.

Ẹ wo wàhálà ọkùnrin yìí fún wákàtí méjì tó tẹ̀ lé e. Bó bá ronú pé òun á sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á rántí pé Túbọ̀sún nìkan ni yóò ku tí yóò máa ru sípíkà. Bó bá ronú pé òun á sọ pé Mabel ló tan òun, á rántí pé gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ta ló ń rẹ́rìn-ín. Àwo ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ́ kí abẹ́rẹ́ míkísà ṣubú sápá òsì láàárín orin méjì, Túbọ̀sún sì bá a gbé e dìde. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, Túbọ̀sún wo ojú rẹ̀, ó ní ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́, ó mú ẹran inú abọ́ tirẹ̀ fi sí ti Ọláolú. Ọláolú ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Òwe tí ìyá rẹ̀ máa ń pa nìyẹn, kò sì rò ó rí pé òun lòun máa jẹ́ olùtà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, iná dé. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gbọ̀ngàn, àwọn obìnrin ti ń wá bàtà lábẹ́ àga, ó ku kí wọ́n gbàdúrà ìparí. Ọláolú mọ̀ pé kò sí ibi tí òun lè sá sí mọ́. Ó fa àwo wálẹ̀. Ó pe Túbọ̀sún ní Ẹ̀gbọ́n, Túbọ̀sún ò gbọ́. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà nílẹ̀, Túbọ̀sún ò sì rí ètè rẹ̀ kà.

"Gbójú sókè," Túbọ̀sún ní. "Kí lò ń wí?"

Ọláolú gbójú sókè, àmọ́ ojú rẹ̀ tún wolẹ̀ kó tó sọ gbólóhùn kan tán.  Túbọ̀sún fa hẹ́dìfóònù sọ́dọ̀, ó dé e bo etí méjèèjì, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kó gbọ́ máìkì nìkan. Ó wò ó dáadáa pé bọ́tìnnì gbọọrọ wà nílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa jáde sí gbọ̀ngàn. Ó wá gbé máìkì lé Ọláolú lọ́wọ́.

Ó ní, "Sọ ọ́ síbí."

Ọláolú sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, Túbọ̀sún yí ohùn hẹ́dìfóònù sókè. Ó tún sọ ọ́, Túbọ̀sún tún yí i sókè, títí bọ́tìnnì fi kọ̀ tí kò yí mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: pé etí ẹ̀ ti di, pé adití ni, pé ó kàn ń dúró ni, ti ìbọn tó sọ, ti ẹ̀rín tó rín. Ó ní òun fẹ́ gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní máìkì wà lókè ní gbogbo ìgbà yẹn.

 Túbọ̀sún bi í bóyá gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́. Ọláolú ní gbogbo wọn ni.

"Nígbà tí mò ń juwọ́ sí wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Orin kankan ò lọ nígbà yẹn. Ohùn mi ni wọ́n ń gbọ́."

Ìtìjú tó bo ojú Túbọ̀sún nígbà yẹn, kò yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi juwọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì rọra gbé e sábẹ́ tábìlì. Ọláolú ì bá fẹ́ kó gbá òun létí. Ká ní ó gbá a létí ni, ọ̀ràn ì bá tán níbẹ̀.

Túbọ̀sún ní, "Ó ti lé lọ́dún kan tí ohùn ẹ ti dé etí mi kedere gbẹ̀yìn. Mo ti ń rò ó pé lọ́jọ́ kan, màá ní kí o bá mi sọ̀rọ̀ nínú nǹkan yìí, kí n lè mọ̀ bó ṣe rí. Èyí náà lo wá bá mi sọ."

Ọláolú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí wáyà. Túbọ̀sún ò wò ó. Ó ṣí hẹ́dìfóònù kúrò lórí, ó fi kọ́ ọrùn, ayé rẹ̀ sì tún dákẹ́. Ó ní kí Ọláolú dìde. Ó na ìka méjì, ó ti bọ́tìnnì máìkì sókè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, dé ibi tó máa ń tì í dé fún bíṣọ́ọ̀bù àti fún ọ̀gá ilé-ìwé.

Ó ní, "Àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bá wọn sọ ọ́ bó ṣe rí."

Láti fèrèsé, Ọláolú rí i pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí Túbọ̀sún sọ yẹn ti jáde sí gbọ̀ngàn. Àwọn obìnrin ti dúró, gbogbo ojú wà lára sípíkà. Ìyáàfin Adéníran jókòó padà, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Mabel wà nídìí ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọláolú gbé máìkì sẹ́nu. Ó ní orúkọ òun ni Ọláolú. Ó ní ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́sàn-án, òun lòun sọ ọ́, ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ lòun sì sọ ọ́ sí. Ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ. Túbọ̀sún ò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kàn ń gbọ̀n lápá òsì, kò tíì dé àárín. Túbọ̀sún yọ ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ kan náà tó fi juwọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí kò tíì mọ máìkì lò: sókè sí i, sókè sí i. Ọláolú gbé ohùn sókè, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà ò sì sọ̀kalẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi dé ibi tó yẹ kó dé.